Ta Ni Àwọn Amí Wọ̀nyí Ń Pa Lẹ́rìn-ín?

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe sí àwàdà tí kò yẹ fún ẹkún, tí kò sì mú ẹ̀rín wá. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ dàbí ọbẹ̀ tí a fi owó ńlá sè, tí a wá gbàgbé iyọ̀ rẹ̀. Ẹran wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, epo sì ń dán lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi kan ẹnu lẹ́ẹ̀kan kò ní na abọ́ fún ìkejì.

Irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bù fún àwọn ará àgbàlá kan ní Upper Sakponba, ní ìlú Benin, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ẹni tí ó bá mọ Upper Sakponba yóò mọ̀ pé èdè kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ̀dó ni onílé. Ẹ̀dó, Ẹ̀sán, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá sì ni àwọn ayálégbé rẹ̀. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n to àga àti bẹ́ǹṣì, ìyá tí ń ta ẹ̀pà sísun gbé igbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn ọmọdé sì jókòó sí orí ẹní níwájú. Sinimá tí wọ́n fẹ́ wò ni Merry Men: The Real Yoruba Demons, tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ẹni tí ó mú un wá ti ṣe ìlérí fún wọn pé eré olè àti amí ni, àti pé ẹ̀rín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Wákàtí kan kọjá. Wọ́n la ẹnu sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ilé, ẹ̀rín kò wá. Ọmọkùnrin Ẹ̀dó kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ wá, ó sì bi í léèrè bóyá ànjọ̀nú ni àwọn Yorùbá lóòótọ́. Ọmọ náà kò mọ èsì tí yóò fọ̀. Ó wo ojú bàbá-bàbá rẹ̀, káfíńtà àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kí bàbá tó la ẹnu, iná mànàmáná lọ. Nínú òkùnkùn ni bàbá ti wí pé: "Ẹ ò rí i pé àwọn olè yìí kò parọ́? Wọ́n ní olówó ni àwọn ń jà lólè, kí àwọn lè fi fún tálákà. Iná wa ni wọ́n jí lọ yìí. Áà, àṣé àwa ará Sakponba ni olówó ìlú, a kò sì mọ̀!" Ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ni àgbàlá bá hó gèè. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì ti inú sinimá wá.

Kí ni bàbá yìí mọ̀ tí àwọn tí ó ṣe sinimá náà kò mọ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá láti lọ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí pé ẹ̀rín wà lára ohun tí àwọn baba ńlá wa fi jogún fún wa, ogún tí a kò bá sì ṣọ́, àjèjì ni yóò pín in.

Kí òdodo má baà sùn sí ìta, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú eré náà. Toka McBaror ni ó darí rẹ̀. Ayọ̀ Makun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí AY, àti Darlington Abuda ni wọ́n gbé e jáde. Ramsey Nouah, Jim Iyke, Falz àti AY fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe ọkùnrin mẹ́rin tí ìtàn náà dá lé lórí. Ìlú Abuja ni wọ́n ń gbé. Wọ́n lówó, wọ́n lẹ́wà, ọkọ̀ wọn ń dán bí awòjíìjí. Wọ́n ń fi ìfẹ́ gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ àwọn obìnrin alágbára, wọ́n sì ń jí owó àwọn ọlọ́rọ̀ láti fi ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Olóṣèlú obìnrin kan tí Ireti Doyle ṣe fẹ́ wó abúlé kan palẹ̀ kí ó lè kọ́ ilé ìtajà ńlá sí orí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dìde sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, apá kejì jáde, Moses Inwang ni ó darí ìyẹn. Nínú rẹ̀, obìnrin yìí kan náà fi ipá rán wọn kí wọ́n lọ jí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àjọ EFCC. Ẹ wo irú ìtàn tí ó yẹ kí ó pa òkú lẹ́rìn-ín: olè tí a rán lọ jí ẹ̀rí olè! Iṣẹ́ amí gan-an ni iṣẹ́ wọn: ìparadà, ìyọ́lẹ̀wò, wíwọ ilé ẹni tí kò pe ènìyàn. Àwòrán eré náà mọ́ kedere, ohùn rẹ̀ já gaara, àwọn òṣèré rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Síbẹ̀, ẹ̀rín kò wá. Kí ló dé?

Èkínní, ẹni tí ó bá ń júbà ohun tí ó yẹ kí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Amí jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí a rín rín títí. Ó ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, ó sì ń bẹ̀rù ní gbogbo ìgbà pé àṣírí òun yóò tú. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ti gbọ́ ìtàn Ìjàpá ní ilé àna rẹ̀. Ìjàpá rí ẹ̀bẹ gbígbóná nínú ìkòkò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu ẹ̀bẹ sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí. Iṣẹ́ amí pọ́ńbélé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí olè jíjà parí sí gan-an ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Àna rẹ̀ ń sìn ín sọ́nà, ó ń bi í nípa ilé, ó ń bi í nípa oko, ó ń ránni sí Yánníbo, Ìjàpá sì ń fi ọ̀wọ̀ dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bẹ ń jó o lágbárí. Ojú ń rẹ́rìn-ín, orí ń bó. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín sí èyí, àfi bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Abuja. Kò sí ẹ̀bẹ lábẹ́ fìlà wọn. Kò sí ohun tí ń jó wọn. Bí wọ́n bá wọ ilé, ilé náà dùn ún wọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí obìnrin, obìnrin náà ti yó. Ẹni tí ó ya eré náà fẹ́ràn ọkọ̀ wọn àti aṣọ wọn jù bí ó ti yẹ lọ. Ó ń gbé wọn yípo níwájú wa bí ìgbà tí àwọn oníṣòwò bá ń pàtẹ ọjà. Òǹwòran kì í rẹ́rìn-ín níwájú àtẹ, owó ni ó ń ṣírò. Ìdí nìyí tí àwọn ará Upper Sakponba fi mí kanlẹ̀. Ìlara ni eré náà ń gbìn sí wọn lọ́kàn, kì í ṣe ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni ìlara àti ẹ̀rín kì í jẹun nínú àwo kan náà.

Bàbá káfíńtà wá fi gbólóhùn mẹ́rin ṣe ohun tí eré náà kò fi wákàtí kan ṣe. Ó mú àwọn akọni náà sọ̀kalẹ̀ láti Abuja wá sí àgbàlá tí iná rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀, ó sì bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ tán pátápátá, ó sì fi ìgbàgbọ́ náà tú wọn fó. Ẹ̀fẹ̀ Yorùbá nìyẹn: kì í bú ẹni gíga, ó kàn ń bá a rìn títí yóò fi kọsẹ̀ ni.

Èkejì, àwa kì í ṣe aláìní baba nínú iṣẹ́ yìí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ti fi hàn wá bí a ti ń ṣe é. Ní òkè òkun, láti ìgbà tí sinimá James Bond àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 1962, aago ọwọ́ amí kò jẹ́ aago lásán mọ́. Ohun ìjà ni, ọ̀ṣọ́ sì ni. Kí ni Bàbá Sàlá ṣe? Ó gbé aago ńlá kọ́ra, ó so táì olókùn tí ó tóbi ju àyà rẹ̀ lọ, ó sì wọ awò ojú tí kò ní gíláàsì. Gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ọ̀làjú fi ń yangàn ni ó wú títí ó fi di ẹ̀rín. Nínú Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1982, òun kọ́ ni ó gbọ́n jù. Òun ni àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń sọ owó di púpọ̀ lù ní jìbìtì, tí ìṣẹ́ sì dé bá títí ó fi ń wá ikú kiri. Aláwàdà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rù láti jẹ́ ẹni tí a rẹ́ jẹ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rẹ́ wọn jẹ, àfi kí wọ́n dúró dáadáa fún àwòrán. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Bàbá Sàlá kú, nígbà tí Merry Men ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ilé sinimá. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé ó ṣèèṣì bọ́ sí àkókò kan náà ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìlú ń sin ẹni tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀rín, ó yẹ kí ìlú náà bi ara rẹ̀ ohun tí ó ń rẹ́rìn-ín sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àrùn yìí wà ní ilẹ̀ wa nìkan. Ó ti ṣe àwọn tí ó lówó jù wá lọ. Ní ọdún 1967, wọ́n mú Casino Royale, ìwé tí Ian Fleming kọ jáde ní ọdún 1953, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di àwàdà. Olùdarí márùn-ún ni orúkọ wọn wà lára iṣẹ́ kan ṣoṣo náà. David Niven wà níbẹ̀, Orson Welles wà níbẹ̀, Woody Allen wà níbẹ̀, Peter Sellers náà wà níbẹ̀ títí ó fi bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Àwọn tí wọ́n fún ní orúkọ James Bond nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé òǹwòran kò mọ èyí tí yóò dì mú. Ní ọdún 1987, Bill Cosby, tí ó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn aláwàdà tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe Leonard Part 6, ìtàn amí tí ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni ó hùmọ̀ ìtàn náà, òun ni ó gbé e jáde, òun ni ó ṣe olú ẹ̀dá rẹ̀. Òun kan náà ni ó sì jáde sọ fún aráyé pé kí wọ́n má lọ wò ó! Ẹ̀bùn Golden Raspberry mẹ́ta, tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ tí kò dára lọ́lá ẹ̀gàn, ni ó gbà. Bí alásè bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àlejò kúrò nídìí ọbẹ̀, kí ni ẹlòmíràn tún fẹ́ tọ́ wò?

Ṣùgbọ́n ẹ wo Austin Powers, tí Mike Myers ṣe ní ọdún 1997. Amí ni òun náà. Wọ́n ti fi í sínú yìnyín láti ọdún 1967, wọ́n wá jí i dìde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Eyín rẹ̀ wọ́, ìṣe rẹ̀ ti di àtijọ́, kò mọ̀ pé ayé ti lọ. Síbẹ̀, ó gbà pé kò sí obìnrin tí yóò rí òun tí kò ní yó. Ayé rẹ́rìn-ín. Kí nìdí? Nítorí pé ẹ̀bẹ wà lábẹ́ fìlà rẹ̀. Òyìnbó tí ó ṣe eré yẹn kò gbọ́ ìtàn Ìjàpá rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀rín kan náà ni ó tọ̀. Ó jẹ́ ohun ìtìjú pé àwa tí a bí sí ẹ̀bá ọ̀nà náà ni a wá ṣìnà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ, òun ni ó sì dunni jù, nítorí òun ni ó ta ọmọ kékeré ní Upper Sakponba lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà, Yoruba Demon, pe ọmọkùnrin Yorùbá ẹlẹ́nu dídùn tí ń tan ọmọbìnrin jẹ, tí ó sì ń fi í sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń bínú sí gbogbo ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe Yorùbá dáadáa. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe pé wọ́n fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n gbé orúkọ wa sí ojú pátákó, wọn kò sì fi nǹkan kan kún un. Nínú àwọn akọni mẹ́rin náà, Amaju Abioritsegbemi jẹ́ orúkọ Ìtsẹkírì, Naz Okigbo jẹ́ orúkọ Ìgbò. Méjì péré ni ó kù fún Yorùbá. Ọ̀kan ń jẹ́ Ayo Alesinloye, orúkọ ìdílé olóyè ní Ìbàdàn, orúkọ tí ọjà ńlá kan ń jẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Èkejì ń jẹ́ Remi Martins, orúkọ tí ó ń rán ọ̀mùtí létí ìgò. Ẹ̀fẹ̀ ìyẹn dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n Falz ni ó ṣe Remi, ẹni tí ó di gbajúmọ̀ nípa fífi ohùn ọmọ Yorùbá pátápátá sọ Gẹ̀ẹ́sì títí gbogbo Nàìjíríà fi ń di ìhà mú! Wọ́n ní onílù lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó wá jókòó bí òǹwòran. Níbo ni òwe wà? Níbo ni àpárá wà? Níbo ni ọ̀rọ̀ olójú méjì wà, tí ìyá ọkọ ń sọ tí ìyàwó ń gbọ́ ìdàkejì rẹ̀? Bí Yorùbá bá ní ànjọ̀nú kan lóòótọ́, inú ahọ́n rẹ̀ ni ó ń gbé. Eré náà mú orúkọ, ó fi ahọ́n sílẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé owó ti dáhùn. Wọn yóò ní eré méjèèjì yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pa ju 200 mílíọ̀nù náírà lọ ní ilé sinimá. Bí kò bá dùn, ṣé aráyé yóò san irú owó bẹ́ẹ̀? Èsì rẹ̀ kò le. Kí ènìyàn tó wọ ilé sinimá ni ó ń sanwó, kì í ṣe nígbà tí ó bá rẹ́rìn-ín tán. Owó ìwọlé ń jẹ́rìí sí bí ìpolówó ti dùn tó. Kò lè jẹ́rìí sí bí ọbẹ̀ ti dùn tó. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ òótọ́, kí wọ́n gba owó ní ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Àwọn mìíràn yóò wí pé eré ìgbafẹ́ lásán ni, kí ni àwọn olùkọ́ ń wá níbẹ̀? Èyí ni ó yẹ kí a dá lóhùn jù. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ń dàgbà ní Upper Sakponba kò ní ọjà Yorùbá tí yóò lọ láràárọ̀. Ẹ̀dó ni ó ń gbọ́ ní òpópónà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Yorùbá tí yóò ní kò ju èyí tí yóò gbọ́ lẹ́nu bàbá-bàbá rẹ̀ àti èyí tí yóò rí nínú àwòrán. Bàbá kò ní pẹ́ láyé títí láé. Bí àwòrán náà kò bá wá ní nǹkan kan fún un ju ọkọ̀, ọtí àti orúkọ ànjọ̀nú lọ, kí ni yóò fi dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn? Ẹni tí kò bá lè fi èdè rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè fi í sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbáradì láti di olùkọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí ìbáwí. Ẹ kọ èyí tí ó dára jù. Ẹ kọ ọ́ fún pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ ṣe é. Kò gba ọkọ̀ olówó iyebíye. Ẹ jẹ́ kí ìjọba kan rán amí wá sí Upper Sakponba, kí ó yá yàrá kan nínú àgbàlá, kí ó dé fìlà bojú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ẹlẹ́pà yóò ti mọ orúkọ rẹ̀, onílé yóò ti mọ iye tí ó wà lápò rẹ̀, àwọn ọmọdé yóò sì ti máa kí i ní "Bọ̀ọ̀dá Amí, ẹ káalẹ́ o!" Ní ọjọ́ kẹta, òun ni wọn yóò rán pé kí ó lọ bá wọn wádìí ìdí tí iná fi lọ. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, òtítọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mí kanlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, iná padà dé lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan. Tẹlifíṣọ̀n tàn, àwọn akọni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tún yọ nínú ọ̀ṣọ́ wọn. Ọmọ Ẹ̀dó tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ti lọ jókòó sí ẹsẹ̀ bàbá káfíńtà, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń túmọ̀ fún un. Wọ́n ti dé ibi tí Ìjàpá ti ń dágbére fún àna rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà ni ó na ọwọ́ pa tẹlifíṣọ̀n.